Yíyan Táyà àti Rímù Ńlá fún Jíìpù Tó Ń Wọ Oko: Ọ̀ràn 4Runner Kan ní Ọ̀nà Òkè-Ògùn

Ọkọ̀ tí àkọsílẹ̀ yìí dá lé lórí ni Toyota 4Runner ọdún 2007, tokunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, tó ní ẹ́ńjìnnì V6 onílítà 4.0 àti gíà ọtomátíìkì ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún, tó sì lè fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fa ara rẹ̀. Alhaja kan tó ń gbé ní Ìbàdàn ló ni ín. Kaṣú ni wọ́n ń rà ní Òkè-Ògùn, láti Òkèho dé Ṣakí, títí dé àwọn abúlé tó wà lẹ́yìn Ìgbòho, níbi tí ọ̀dà ti parí tí ọ̀nà sì ti di iyẹ̀pẹ̀ pupa, kòtò àti orí àpáta. Àsìkò kaṣú máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n ìparí rẹ̀ máa ń bọ́ sínú òjò àkọ́rọ̀, ìgbà yẹn gan-an sì ni àwọn àgbẹ̀ máa ń fẹ́ ta èyí tó kù lọ́wọ́ wọn kí omi tó bà á jẹ́. Nítorí náà, ọkọ̀ kan ṣoṣo yìí ní láti sáré lórí ọ̀dà láti Ìbàdàn gba Ọ̀yọ́ àti Ìsẹ́yìn, kó gun àpáta, kó jáde nínú ẹrẹ̀, kó sì tún gbé àpò kaṣú mẹ́rin sẹ́yìn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn súnmọ́ 80 kìlógíráàmù, nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù kò bá lè dé ibi tí ọjà wà.

Nígbà tí wọ́n gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù wa, táyà 265/65R17 ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ìwọ̀n kan náà tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà kọ sára bébà tó lẹ̀ mọ́ òpó ilẹ̀kùn dírẹ́bà. Méjì nínú àwọn táyà náà ti wú ní ẹ̀gbẹ́, ẹ̀kẹta sì ní ojú ọgbẹ́ tó gùn tó ìka, tí òwú inú rẹ̀ ti ń yọjú. Rímù iwájú lápá ọ̀tún ti tẹ̀. Wọ́n ti fi iná wẹ́dà jó o pọ̀ rí, ojú ibi tí wọ́n jó náà sì tún ti là. Nígbà tí ọmọ iṣẹ́ da omi ọṣẹ sí i, ó ń hó gùdù níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń jáde. Eyín àwọn táyà náà kò tíì jẹ tán rárá. Ẹ̀gbẹ́ ni gbogbo wọn ti bàjẹ́. Kókó yìí ló darí gbogbo ohun tí a ṣe lẹ́yìn náà, nítorí pé táyà tí eyín rẹ̀ bá jẹ ti rìn tó lórí ọ̀dà, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá là nígbà tí eyín rẹ̀ ṣì wà, òkúta, ẹrù àti afẹ́fẹ́ tí kò tó ló pa á.

Èrò ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ọmọkùnrin Alhaja, tó wà ní Èkó, ti bá ìyá rẹ̀ wo rímù 20 tó ń dán, pẹ̀lú táyà 265/50R20, ó sì gbà pé bí rímù bá ti tóbi, ọkọ̀ yóò ga, yóò sì lágbára. Dírẹ́bà ní tirẹ̀ fẹ́ 285/70R17, èyí tí wọ́n ń pè ní táyà 33 nítorí pé gíga rẹ̀ tó nǹkan bí ìǹṣì 33. Ìdí rẹ̀ ni pé ó ti rí i lẹ́sẹ̀ jíìpù kan ní Ṣakí tó ń la ẹrẹ̀ kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀.

“Ẹ̀ńjìníà, èmi kò wá ẹwà lọ sóko,” ni Alhaja wí. “Kí n dé ibi tí mò ń lọ, kí n sì padà wá sórí ọ̀dà kí ilẹ̀ tó ṣú, òun ni mo ń wá.”

Mo ní kí wọ́n sọ fún mi ibi tí ọkọ̀ náà ti máa ń há gan-an. Wọ́n ní abẹ́ rẹ̀ kì í sábà kan ilẹ̀. Táyà ló máa ń yọ̀ nínú ẹrẹ̀, òkúta ló sì máa ń gé e. Ìdáhùn yẹn ṣe pàtàkì ju gbogbo àwòrán tí ọmọ wọn fi ránṣẹ́ lọ. Ọkọ̀ tí abẹ́ rẹ̀ ń fọ́ mọ́ òkúta nílò gíga. Èyí tí táyà rẹ̀ ń yọ̀, tí ẹ̀gbẹ́ táyà rẹ̀ sì ń ya, eyín tó dára àti ẹ̀gbẹ́ tó nípọn ni kókó ohun tó nílò.

A jókòó ti bébà àti ẹ̀rọ ìṣirò. Nínú 265/65R17, 265 ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà, 65 ni iye ìdá nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ yẹn tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ga tó, 17 sì ni ìwọ̀n rímù ní ìǹṣì. Ẹ̀gbẹ́ kan nínú táyà yìí ga ní mìlímítà 172, gbogbo táyà láti ilẹ̀ dé òkè sì jẹ́ 776. Táyà 265/50R20 tí ọmọ Alhaja fẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ tí kò ju 132.5 lọ, gbogbo gíga rẹ̀ sì jẹ́ 773. Èyí túmọ̀ sí pé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti náwó lórí rímù tó fi ìǹṣì mẹ́ta ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọkọ̀ náà kò ní ga sí i rárá, kódà yóò fi díẹ̀ rẹlẹ̀, nígbà tí rọ́bà tó yẹ kó dáàbò bo irin kúrò lọ́wọ́ òkúta yóò ti dín ní 40 mìlímítà. Ohun tó fi ń jọ pé ó tóbi ni pé irin gba ibi tí rọ́bà wà. Lórí ẹrù pẹ̀lú, nọ́ńbà tó wà lára irú táyà bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 107, èyí tó túmọ̀ sí kìlógíráàmù 975 fún táyà kan, bẹ́ẹ̀ ti ilé-iṣẹ́ jẹ́ 110, ìyẹn 1,060. Ọkọ̀ tó ń gbé kaṣú kò gbọdọ̀ lọ sẹ́yìn lórí èyí. Nígbà tí Alhaja ka àwọn nọ́ńbà yìí fún ọmọ wọn lórí fóònù, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a fi rímù 20 sílẹ̀.

Ti dírẹ́bà gba àkókò díẹ̀ sí i, nítorí pé kò sọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Táyà 285/70R17 ga ní mìlímítà 831, ó fi 55 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdajì rẹ̀ nìkan ló ń gbé ọkọ̀ sókè, nítorí pé ìdajì tó kù wà lókè ojú irin tó so táyà pọ̀, ṣùgbọ́n mìlímítà 27 kì í ṣe kékeré lábẹ́ ọkọ̀. Gíga yìí nìkan ni ìwọ̀n tó lè gbé irin tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì sókè. Sípíríìngì gíga tí àwọn èèyàn ń rà máa ń gbé ara ọkọ̀, kò lè gbé irin yẹn kúrò nílẹ̀. Mo sọ èyí fún dírẹ́bà kí ó lè mọ̀ pé mo gbọ́ ọ yé.

Ìnáwó tó so mọ́ ọn ni kò jẹ́ kí n fọwọ́ sí i. Lára 4Runner irú èyí, bí a bá fi táyà 285/70R17 sí iwájú tí a sì yí sitiarín dópin, táyà yóò máa họ pílásítíìkì inú fẹ́ńdà àti ibi tí wọ́n ti so ara ọkọ̀ mọ́ ṣáásì lẹ́yìn táyà iwájú. Kí ó tó gbà á dáadáa, a ó gbé iwájú ọkọ̀ sókè ní ìǹṣì méjì sí mẹ́ta, a sì sábà ní láti gé lára irin ibi ìso yẹn kí á sì jó o padà. Bí a bá ti gbé iwájú sókè, apá òkè tó di táyà mú kì í fẹ́ fàyè gba aláìnmẹ́ǹtì (títò táyà kó lè dúró tọ́) tó pé mọ́, nítorí náà a ó tún ra òmíràn. Lẹ́yìn náà ni ti agbára: táyà tó fi ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ń mú kí gíà le sí i ní ìwọ̀n kan náà. Nígbà tí ọkọ̀ bá gbé ẹrù gun òkè, gíà yóò máa já wálẹ̀ léraléra, epo yóò máa jó, bírékì pẹ̀lú yóò sì ní láti dá ohun tó wúwo tó sì tóbi jù dúró. Nínú eré ìdíje tàbí fún ẹni tó ń fi jíìpù gbafẹ́ lórí àpáta, mo lè gbà bẹ́ẹ̀. Fún obìnrin tó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ ṣòwò, tí epo bẹntiróòlù sì ti di ọ̀wọ́n gógó láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí rẹ̀ ní 2023, kò bá ojú mu.

Èyí tí a wá fẹnu kò lé lórí ni 265/70R17. Fífẹ̀ rẹ̀ kò yí padà, rímù 17 náà ló ń lò, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 185.5 mìlímítà, gbogbo gíga rẹ̀ sì jẹ́ 803. Ọkọ̀ yóò fi mìlímítà 13 gòkè, eré yóò sì yàtọ̀ ní ìdá 3.4 nínú ọgọ́rùn-ún: nígbà tí gééjì bá ń sọ 100, táyà ti rìn 103. Kò nílò gígé irin kankan. Ẹni tó bá wò ó lórí bébà lè sọ pé ìyàtọ̀ náà kéré, ṣùgbọ́n mìlímítà 13 tó fi kún ẹ̀gbẹ́ táyà yẹn wà níbi tí òkúta ti ń gé e gan-an.

Lórí rímù, Alhaja ti fẹ́ kí a tún èyí tó là náà jó. Mo kọ̀ fún wọn. Rímù alùmíníọ̀mù tó ti là nígbà kan, tí wọ́n jó, tó tún là lójú kan náà, kò yẹ kó tún gbé ẹrù èèyàn mọ́. A wá rímù márùn-ún tó dọ́gba, kí ti ẹ̀yìn tó jẹ́ àfikún má bàa yàtọ̀. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń ta rímù tokunbọ̀ ti máa ń kó oníbàárà sí wàhálà, nítorí pé wọ́n máa ń ka ihò nọ́ọ̀tì nìkan: “Mẹ́fà ni tiyín, mẹ́fà nìyí.” 4Runner ní ihò mẹ́fà tí wọ́n tò yípo lórí òbìrí tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 139.7 mìlímítà, ojú ihò àárín rẹ̀ sì jẹ́ 106. Rímù Ford F-150 ti ọdún wọ̀nyí ní mẹ́fà, ṣùgbọ́n òbìrí tirẹ̀ jẹ́ 135. Ìyàtọ̀ tí ojú kò lè rí ni, nọ́ọ̀tì kò sì ní jókòó láéláé. Ti Nissan Pathfinder tó wọ ọdún 2005 sí 2012 jẹ́ 114.3. Ti Mitsubishi Pajero jẹ́ 139.7 pátápátá, ṣùgbọ́n ihò àárín rẹ̀ jẹ́ 67, kò lè wọ hóbù Toyota. Ti Land Cruiser 100 tí ọ̀pọ̀ ń rò pé yóò wọ̀ ọ́, nítorí pé Toyota ni, ihò márùn-ún ló ní.

Rímù irin dúdú oní-17 tí Toyota ṣe fún FJ Cruiser ni a rí, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìǹṣì 7.5, èyí tó wà láàárín ìwọ̀n tí táyà 265/70R17 ń fẹ́. Ó fi díẹ̀ yọ síta ju rímù ti tẹ́lẹ̀ lọ, èyí tó jẹ́ kí táyà jìnnà sí apá òkè, láìjẹ́ pé ó yọ kọjá fẹ́ńdà. Mo fẹ́ràn irin fún irú ọ̀nà yìí. Bí òkúta bá tẹ ẹnu rẹ̀, wọ́n lè fi òòlù tò ó padà lábúlé kí ọkọ̀ lè dé ìlú. Alùmíníọ̀mù máa ń là ni. Ohun kan tí n kò jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ fojú fò ni nọ́ọ̀tì. Nọ́ọ̀tì rímù alùmíníọ̀mù Toyota ní ọrùn gígùn àti wáṣà pẹrẹsẹ; rímù irin ń fẹ́ èyí tí ẹnu rẹ̀ rí ṣóńṣó, tó ń jókòó sínú ihò tó rí bẹ́ẹ̀. Mo mú ọ̀kan lọ́wọ́ kí dírẹ́bà fọwọ́ kàn án, mo sì fi hàn án bí wáṣà pẹrẹsẹ ṣe ń mì nínú ihò rímù irin bó ti wù kí a di í le tó. Ẹni tó bá lo nọ́ọ̀tì àtijọ́ lórí rímù tuntun yìí lè bá ara rẹ̀ nínú igbó pẹ̀lú táyà mẹ́ta.

Irú táyà ni ọ̀rọ̀ tó kàn. Eyín ẹrẹ̀ gidi, tí àlàfo rẹ̀ fẹ̀, ni dírẹ́bà tọ́ka sí, ṣùgbọ́n ibi tí ọkọ̀ yìí ń rìn lórí ọ̀dà gùn ju ibi tó ń rìn nínú ẹrẹ̀ lọ, eyín bẹ́ẹ̀ a sì máa yára jẹ lórí ọ̀dà, a máa pariwo, kì í sì í di ọ̀dà tútù mú dáadáa. A mú èyí tí wọ́n ń pè ní A/T, tó wà fún ọ̀nà gbogbo. Lẹ́yìn èyí, a ní láti yàn láàárín táyà jíìpù lásán àti èyí tí wọ́n kọ LT sí níwájú, tó jẹ́ ti ọkọ̀ ẹrù. LT nípọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, nọ́ńbà ẹrù èyí tí a rí sì jẹ́ 121, ìyẹn 1,450 kìlógíráàmù. Ó wúwo, ó sì le lábẹ́ ẹni. Alhaja ní òṣùwọ̀n kaṣú wọn wà nínú búùtù, nítorí náà a gbé táyà àtijọ́ kọ́ ọ, a gbé LT náà kọ́ ọ: ó fi kìlógíráàmù mẹ́fà wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n wò ó fún ìgbà díẹ̀, wọ́n tún wo táyà tí òwú rẹ̀ ń yọjú, wọ́n sì ní kí a máa fi LT bọ̀.

Ní ọjà, ẹni àkọ́kọ́ tí a lọ bá kó táyà mẹ́ta tó ń dán jáde, ó ní tuntun ni wọ́n. Mo tẹ̀ lé lẹ́tà DOT lára wọn dé nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn, tó ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe táyà. Ọ̀kan nínú wọn ti lé ní ọdún mẹ́fà. Wọn kò tíì lò ó rí, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n rọ́bà ń gbẹ níbi tó bá wà, oòrùn ilẹ̀ wa kì í sì í fi í sílẹ̀. Ọdún mẹ́rin láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe táyà ni Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ń sọ pé kó má kọjá. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí púpọ̀, nítorí pé ẹni tó ń tà á mọ̀, ó sì fi ìpara bo ojú rẹ̀. Láti ìgbà tí Michelin ti kógbá wọlé ní Port Harcourt ní 2007, tí Dunlop náà sì dáwọ́ ṣíṣe táyà dúró ní Ìkẹjà lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òkè òkun ni táyà wa ti ń wá, ojú omi àti ìsọ̀ sì ni ó ti ń lo apá kan ọjọ́ ayé rẹ̀. Táyà àlòkù ńkọ́? Òfin kọ̀stọ́ọ̀mù kò gbà kí wọ́n kó ti ọkọ̀ kékeré wọlé, síbẹ̀ ó kún ìsọ̀ gbogbo. Ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni a ti ra márùn-ún tí wọ́n ṣe láàárín ọdún kan náà.

Kí a tó gbé wọn wọ ọkọ̀, a pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì iwájú àti sípíríìngì ẹ̀yìn tí kaṣú ti tẹ̀ rì, láìfi gíga kún un. Táyà ńlá lórí sípíríìngì tó ti rẹ̀ yóò máa kan fẹ́ńdà bí a bá já sí kòtò, èèyàn á sì máa dá táyà lẹ́bi. Lẹ́yìn tí a bàláǹsì wọn tán, a yí sitiarín dópin lọ́tùn-ún àti lósì, níwájú àti nígbà tí ọkọ̀ ń fi ẹ̀yìn rìn, a sì gbé táyà kan lé orí òkúta kí sípíríìngì lè tẹ̀. Ọ̀tún dákẹ́. Lósì, nígbà tí ọkọ̀ ń fi ẹ̀yìn rìn, táyà ń họ rọ́bà tí ń gba ẹrẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀. A tú rọ́bà náà, a gé etí rẹ̀ díẹ̀, a dá a padà. Aláìnmẹ́ǹtì ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni a fi sípánà oníwọ̀n di nọ́ọ̀tì dé 112 niutọni-mítà, mo sì ní kí wọ́n yà kí a tún un dì lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rìn fún nǹkan bí 100 kìlómítà, nítorí pé rímù tuntun máa ń jókòó lẹ́yìn ìrìn.

Afẹ́fẹ́ jẹ́ ohun tí mo tẹnu mọ́ fún dírẹ́bà jù. Ilé-iṣẹ́ kọ 32 psi sára ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n táyà jíìpù lásán ni wọ́n kọ ọ́ fún. LT ń fẹ́ afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí i kó tó lè gbé ẹrù kan náà, nítorí náà a fi 40 sí i, 42 lẹ́yìn bí àpò bá wà nínú rẹ̀. Nínú ẹrẹ̀, kó tú u wálẹ̀ sí 25, kí ojú táyà lè fẹ̀ mọ́lẹ̀, kó má sáré ju 40 kìlómítà ní wákàtí kan lọ, kó sì fi pọ́ńpù tó ń lo bátìrì ọkọ̀ dá a padà kó tó gun ọ̀dà. Ní àkọ́kọ́ ó rò pé mo ń ṣàwàdà. Táyà tó wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ lára ọkọ̀ wọn tẹ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ tí kò tó lórí ọ̀dà, pẹ̀lú eré àti ẹrù, ló ṣe é bẹ́ẹ̀.

Wọ́n lo ọkọ̀ náà fún àsìkò kaṣú kan kí wọ́n tó padà wá fún àyẹ̀wò. Ẹ̀gbẹ́ kankan kò là, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ìhọ òkúta wà lára mẹ́ta nínú wọn, àwọn lẹ́tà tó yọ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fá tán. Alhaja ní ó le lábẹ́ àwọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lórí ọ̀dà, ó sì ń kùn bí eré bá ti kọjá 80. Òótọ́ ni, n kò ṣèlérí ohun mìíràn fún wọn. Ẹ̀sùn dírẹ́bà ni pé epo ti pọ̀ sí i: lítà 14 ló ń jó fún 100 kìlómítà tẹ́lẹ̀, ó ti di 15.5. A ṣe ìṣirò rẹ̀ pọ̀. Kìlómítà 100 tí dáṣíbọọ̀dù ń kà báyìí jẹ́ 103.4 lójú ọ̀nà, nítorí náà epo tó ń jó gan-an jẹ́ lítà 15 fún 100. Lítà kan ni táyà náà fi kún un; ìdajì lítà tó kù, kíkà ni. Ìṣirò yìí kan náà ló fi yẹ kí ó mọ̀ pé àkókò tó yẹ kí ó pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì máa ń tètè dé ju bí dáṣíbọọ̀dù ṣe ń sọ lọ.

Ẹ̀dùn kan ṣì wà lọ́kàn dírẹ́bà: ibì kan wà lẹ́yìn Ìgbòho, kòtò tí àgbàrá wà, tí irin ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣì ń fọwọ́ kan ilẹ̀ bí àpò bá wà nínú rẹ̀. Táyà 33 ìbá gba ibẹ̀ kọjá. Alhaja ti ní kí wọ́n máa fi ọ̀kadà kó kaṣú ibẹ̀ wá sí òdìkejì, wọ́n sì gbà pé ó dínwó ju gígé ṣáásì lọ. A yí táyà márààrún káàkiri ipò, títí kan èyí tó wà lábẹ́ ọkọ̀ lẹ́yìn, kí eyín wọn lè máa jẹ dọ́gba, nítorí pé ọkọ̀ tó ń fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fa ara rẹ̀ kò gbọdọ̀ ní ọ̀kan tó ga ju ìyókù lọ. Gíà tó ń pín agbára níwájú àti lẹ́yìn ni yóò san gbèsè rẹ̀. Ti iwájú lápá òsì jẹ díẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ létí ìta. A tún aláìnmẹ́ǹtì rẹ̀ ṣe, a sì kọ ìwọ̀n eyín ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ láti fi wé ti ìgbà tí wọ́n bá tún wá.